KYALAMI: Pápá eré mọ́tò tí wọ́n sọ ní ‘Ilé Mi’, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò ṣàjèjì sáwọn ọmọ Ẹ̀gbá

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, ọdún 1985, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà yẹgi fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Moloise nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Pretoria. Akéwì ni Moloise, ọmọ adúláwọ̀ ni. Wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ikú ọlọ́pàá kan. Àwọn èèyàn ńláńlá láyé bẹ ìjọba náà pé kí wọ́n má pa á, àmọ́ etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìgboro Johannesburg ti dàrú, inú ń bí àwọn èèyàn, wọ́n sì ti tú síta.

Ilẹ̀ mọ́, ó di Sátidé. Níbì kan tó wà láàárín Johannesburg àti Pretoria yìí kan náà, èrò ìwòran ti jókòó, wọ́n ń retí. Àwọn ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ máa fàyà fà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ké bí agbọ́n tí wọ́n dé mọ́nú agolo. Wọ́n tò tán, iná yí padà, eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa parí, Nigel Mansell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ipò kìn-ín-ní.

Orúkọ pápá tí wọ́n ti sá eré náà ni Kyalami. Lédè àwọn Zulu, ‘ilé mi’ ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà yẹn ò rí dáhùn, kò ju ẹyọ kan lọ: ilé ta ni?

Ẹni tó ń gbé Lafẹ́nwá tàbí Pánṣẹ́kẹ́ l’Abẹ́òkúta lè ní kí ló kan òun nínú eré mọ́tò táwọn òyìnbó ń sá ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún. Ó kàn án o, ó tiẹ̀ kàn án gan-an. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá wà lára àwọn tó ja ìjà tó ti ilẹ̀kùn pápá yẹn pa fún Formula One, ìjà kan náà ló sì jẹ́ kí wọ́n rí i ṣí padà. Ṣùgbọ́n kọ́rọ̀ tó débẹ̀, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ irú ibi tí Kyalami jẹ́ ná.

ORÍṢI ERÉ MỌ́TÒ MÉJÌ

Oríṣi méjì ni eré mọ́tò. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń sá lójú títì àti nínú igbó, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń pè ní ráàlì. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ èyí dáadáa. Ráàlì Bandama ti orílẹ̀-èdè Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Nígbà tó di 1978, ó ti wọnú ìdíje àgbáyé, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1992. Lọ́dún 1972, ọ̀nà wọn le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí eré náà. Àwọn kan bàjẹ́ sọ́nà, àkókò kọjá lórí àwọn tó kù. Nàìjíríà náà fojú kan tiẹ̀. Ní 1974, ráàlì kan tó gbéra láti London, tó la aṣálẹ̀ Sahara kọjá, wọ ìlú Kano kó tó yí padà lọ sí Munich ní Jámánì.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń sá nínú ọgbà. Wọ́n á la ọ̀nà kan tó máa lọ títí, táá tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọgbà yí i ká, kó má di pé ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ewúrẹ́ ń kọjá níbẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n bá sì dá ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí i po. Àgbà irú eré yìí ni Formula One.

Títí di ìparí ọdún 2025, orílẹ̀-èdè méjì péré ló tíì gbàlejò eré Formula One ti ìdíje àgbáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Morocco ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Casablanca lọ́dún 1958. Gúúsù Áfíríkà ni èkejì. Ìlú East London tó wà létí òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sá a, ní 1962, 1963 àti 1965. Láti 1967 ni Kyalami ti gbà á, ìgbà 20 gbáko ni wọ́n sì sá eré ìdíje àgbáyé níbẹ̀, kó tó dáwọ́ dúró ní 1993.

ILÉ TÍ WỌ́N KỌ́ SÓRÍ ÒKÈ

Ọdún 1961 ni wọ́n ṣí Kyalami. Ilẹ̀ gbalasa, koríko lọ súà, ni àdúgbò náà nígbà yẹn. Eré oníwákàtí mẹ́sàn-án, èyí táwọn awakọ̀ ń gbà fúnra wọn wà láti ọ̀sán dalẹ́, ni wọ́n kó wá síbẹ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, Jim Clark, ọmọ Scotland, ti wá gba eré Rand Grand Prix níbẹ̀.

Kìlómítà mẹ́rin àti díẹ̀ ni ọ̀nà àkọ́kọ́ náà. Ohun tó jẹ́ kó dùn-ún wò ni títì gbọọrọ kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ á máa já bọ̀ níbẹ̀ bí òkò, àfi bó bá kan kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Crowthorne lójijì. Awakọ̀ tí kò bá tẹ bíréèkì lásìkò, inú koríko ló máa bá ara ẹ̀. Lẹ́yìn Crowthorne ni Barbeque àti Jukskei, tí wọ́n fi orúkọ odò tó wà ládùúgbò náà pè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sunset, Clubhouse àti Leeukop.

Nǹkan mìíràn tó ń da àwọn mẹkáníìkì láàmú ni gíga ibẹ̀. Òkè Olúmọ táwọn àlejò ń gùn l’Abẹ́òkúta, mítà 137 ni wọ́n sọ pé ó fi ga ju òkun lọ. Kyalami tó nǹkan bíi mítà 1,500! Bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó bá gòkè gíga á máa mí gúlegúle nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì fi ń jó epo, tí afẹ́fẹ́ bá dín, agbára náà á dín.

Èyí ló jẹ́ kí Kyalami di ibi tí turbo ti kọ́kọ́ fi ara ẹ̀ hàn. Turbo ni ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, kò sóhun tó kàn án bóyá afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́. Ilé iṣẹ́ Renault ti ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ gbé e wọ Formula One. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí, wọ́n ní ọkọ̀ wọn kì í ṣe ju kó máa rú èéfín lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé Kyalami lọ́dún 1979, Jean-Pierre Jabouille fi í gba ipò iwájú nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, René Arnoux fi í gba eré náà pátápátá. Ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró.

ÀWỌN TÓ GBAYÌ NÍBẸ̀, ÀTI ÀWỌN TÓ KÚ SÍBẸ̀

Eré àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n sá ní Kyalami, ní ọjọ́ 2, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1967, ó kù díẹ̀ kó di ìtàn àgbọ́sọgbánù. John Love, awakọ̀ kan láti Bulawayo ní Rhodesia, tó di Zimbabwe lóde òní, gbé ọkọ̀ àlòkù jáde, ó sì gba iwájú mọ́ àwọn àgbà awakọ̀ ayé lọ́wọ́. Gbogbo pápá ti dìde. Àfi bí epo ẹ̀ ṣe ń tán lọ nígbà tó ku ìyípo bíi méje. Ó yà lọ gba epo díẹ̀, Pedro Rodríguez ọmọ Mexico bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ipò kejì ni Love gbà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1968, Jim Clark gba eré Formula One ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló máa gbà kẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú nínú eré mìíràn ní Jámánì. Mario Andretti gba Formula One fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ ní Kyalami ní 1971. Jody Scheckter, ọmọ bíbí ìlú East London, gbà á ní 1975 lójú àwọn ará ilé ẹ̀. Òun náà ló gba ife àgbáyé ní 1979, kò sì tíì sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó gbà á.

Ṣùgbọ́n bí eré bá ti dùn jù, kéèyàn máa ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1977, ọkọ̀ awakọ̀ kan bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iná kékeré sì ń jó lára ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú pápá méjì sáré sọdá láti lọ paná ọ̀hún. Ọ̀kan nínú wọn, Frederik Jansen van Vuuren, ọmọ ọdún 19 péré, gbé agolo ńlá tí wọ́n fi ń paná lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà yẹn ní gegele díẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò rí i. Tom Pryce, ọmọ Wales, gbá a pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 250 láàárín wákàtí kan. Ọmọdékùnrin náà kú lójú ẹsẹ̀. Agolo ọwọ́ ẹ̀ ló gbá orí Pryce nínú akoto, òun náà kú síbẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀ ṣì ń sáré lọ fúnra ẹ̀ títí tó fi dé Crowthorne. Èèyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí iná tí kò tó nǹkan. Ikú bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa tún òfin ojú pápá ṣe káàkiri ayé, títí kan ẹni tó gbọ́dọ̀ sọdá ọ̀nà àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ sọdá.

Kyalami náà ló rí ọjọ́ táwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1982, wọ́n ní àdéhùn tuntun tí wọ́n fẹ́ káwọn fọwọ́ sí yóò sọ àwọn di ẹrú àwọn tó ni ọkọ̀. Niki Lauda àti Didier Pironi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Johannesburg, inú yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn sùn mọ́jú kẹ́nì kankan má baà yọ́ jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó yanjú ẹ̀.

ÈYÍ TÓ WÀ LẸ́YÌN ỌGBÀ

Ó jọni lójú pé àwọn awakọ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ ara wọn nínú orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Òfin ọdún 1950 ti pín ilẹ̀ ìgboro fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi katakata lé adúláwọ̀ kúrò ní àdúgbò tí wọ́n bá ti sọ di ti funfun. Òfin ọdún 1953 ti ya ibùjókòó, bọ́ọ̀sì, etíkun àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sọ́tọ̀. Kọ́nà Leeukop tí wọ́n ń dárúkọ lórí rédíò, bí wọ́n ṣe ń pè é náà ni wọ́n ń pe ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó wà ládùúgbò yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá ìjọba náà jà bí ẹni lu bàrà láwọn ọdún 1960, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí erékùṣù Robben. Àwọn kan ń yípo nínú ọgbà kan pẹ̀lú àtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń yípo nínú ọgbà kejì pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ Ẹ̀gbá. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ọ̀wu Abẹ́òkúta, ló wà lórí oyè gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ológun Nàìjíríà láti 1976 sí 1979. Lóṣù keje ọdún 1976, Nàìjíríà kó àwọn eléré ìdárayá ẹ̀ kúrò ní ìdíje Olympic ní Montreal, òun pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 20. Ohun tó fà á ni pé New Zealand lọ bá àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbá bọ́ọ̀lù rugby, síbẹ̀ wọn ò lé e jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Nàìjíríà kọ̀, kò lọ sí ìdíje Commonwealth ní Edmonton. Nígbà tó di 1979, ìjọba Ọbásanjọ́ gba ilé iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà. BP yẹn náà ló padà di AP táwọn awakọ̀ Nàìjíríà ń ra epo níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn eléré ìdárayá tí wọ́n kó kúrò ní Montreal sunkún. Àwọn kan ti fi ọdún mẹ́rin múra, ànfààní náà kò sì padà wá mọ́. Ìyà tiwọn náà kì í ṣe kékeré, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìyà yẹn ló kọ́ ayé pé eré kì í ṣe eré lásán bí ẹni tó gbàlejò ẹ bá ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Formula One wà lára àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 1985 yẹn dé, ìjọba ilẹ̀ Faransé sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n má lọ. Ẹgbẹ́ Renault àti Ligier jókòó sílé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń náwó sórí ọkọ̀ ní kí wọ́n bá àwọn yọ orúkọ àwọn kúrò lára ẹ̀. Alan Jones, ọmọ Australia tó ti gba ife àgbáyé rí, dé Kyalami, ó ti wa ọkọ̀ yípo lọ́jọ́ Ẹtì, àfi bó ṣe di Sátidé tí wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni òun fúnra ẹ̀ wá sọ pé kò sí àìsàn kankan, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń náwó sórí ọkọ̀ òun ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó kù sáré, Mansell gbà á, wọ́n palẹ̀ mọ́. Formula One ò tún padà síbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Lọ́dún 1986, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth rán àwọn àgbààgbà méje lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti lọ wò ó bóyá wọ́n lè parí ìjà náà. Ọbásanjọ́ àti Malcolm Fraser ti Australia ni wọ́n jọ ṣe alága. Ọbásanjọ́ wọnú ọgbà ẹ̀wọ̀n Pollsmoor, ó fojú kojú pẹ̀lú Nelson Mandela tí aráyé ò tíì rí fún ọdún méjìlélógún. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ́wọ́, ìjọba náà lọ ju bọ́ǹbù sí Botswana, Zambia àti Zimbabwe. Àwọn àgbà méje dìde, wọ́n lọ kọ ìròyìn wọn pé kí ayé fi ìyà owó jẹ wọ́n.

Lóṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, Wọlé Ṣóyínká, ọmọ tí wọ́n bí l’Abẹ́òkúta, gba ẹ̀bùn Nobel ní Sweden. Ó dúró níwájú wọn, ó fi àsọyé ẹ̀ ta Mandela lọ́rẹ, ó sì lo ọjọ́ ayọ̀ ẹ̀ láti fi bú ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1989, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta náà, gbé àwo Beasts of No Nation jáde, àwòrán Botha, olórí wọn, wà lára páálí ẹ̀ pẹ̀lú ìwo lórí. Mẹ́ta nìyẹn láti ìlú kan ṣoṣo.

WỌ́N ṢÍ I PADÀ, OWÓ TÌ Í

Ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 1990, Mandela jáde lẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹta, ọdún 1992, Formula One padà sí Kyalami, Mansell yìí náà ló tún gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àwọn aláwọ̀ funfun dìbò pé kí ètò ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Kyalami àtijọ́ ò lè dá a mọ̀ mọ́. Wọ́n ti ta lára ilẹ̀ náà. Títì gbọọrọ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn ti lọ, ilé iṣẹ́ ti gba orí ẹ̀. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n là, 4.261 kìlómítà, mú díẹ̀ lára kọ́nà àtijọ́, ó sì wá lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ní 1993, Alain Prost gba eré, Ayrton Senna ṣe ìkejì. Látìgbà náà, kò tún sí Formula One níbẹ̀ mọ́. Òṣèlú kọ́ ló lé e lọ lọ́tẹ̀ yìí o, owó ni. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbàlejò eré náà kì í ṣe owó kékeré.

Alùpùpù ìdíje àgbáyé, Superbike, wá síbẹ̀ láti 1998 sí 2002, ó tún padà wá ní 2009 àti 2010. Lẹ́yìn ìyẹn, pápá náà ń rù. Ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n gbé Kyalami sórí gbàǹjo. Ọkàn àwọn olólùfẹ́ eré mọ́tò ti já. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ olówó iyebíye nilẹ̀ yẹn láàárín ìlú ńlá méjì, ẹni tó ń kọ́lé tà ló máa rà á. Àfi bí Toby Venter, ọ̀gá Porsche ní Gúúsù Áfíríkà, ṣe fi mílíọ̀nù 205 owó Rand gbà á, tó sì ní eré mọ́tò lòun fẹ́ kí wọ́n máa sá níbẹ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ỌGBÀ NÁÀ

Venter ò jókòó ti eré ńlá kan ṣoṣo lọ́dún. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán ní 2016, kì í tún ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà náà mọ́. Ọ̀nà àgbà, tó gùn tó 4.522 kìlómítà, ni ti ìdíje. Wọ́n fi ọ̀dà tuntun rẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì fẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ọkọ̀ tó bá yẹ̀ lójú ọ̀nà ríbi dúró kó tó kan ògiri. Àwọn orúkọ àtijọ́ bíi Crowthorne, Sunset àti Leeukop ṣì wà. Kọ́nà tó kẹ́yìn ń jẹ́ Ingwe, ìyẹn àmọ̀tẹ́kùn lédè Zulu.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà àgbà, ọ̀nà kékeré kan wà tó kún fún kọ́nà, tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò bóyá ó gbọ́ràn sí ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ibì kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fomi sí kó lè máa yọ̀, káwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà mọ bí wọ́n á ṣe ṣe é bí táyà bá ń yọ̀ lójú òjò. Ibì kan tún wà fáwọn jíìpù, tó jẹ́ òkúta, gegele àti kòtò. Ilé gogoro tó wà lójú ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní ibi ìtọ́jú ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó sì ní gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá lókè. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ tuntun han aráyé, ibẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wíwà, ibẹ̀ ló ń lọ.

Àṣírí bí Kyalami ṣe yè nìyẹn. Eré ńlá kì í bọ́ pápá, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ọjọ́ 362 ló kù lọ́dún. Lójoojúmọ́ ni pápá náà ń jẹun ara ẹ̀. Ní 2019, eré oníwákàtí mẹ́sàn-án ìgbà láéláé padà wá gẹ́gẹ́ bí ìdíje àgbáyé.

Ṣé Formula One náà máa padà? Ipele kejì ni àjọ FIA tó ń darí eré mọ́tò lágbàáyé fún Kyalami, ipele kìn-ín-ní nìkan sì ni Formula One ń sá lórí ẹ̀. Ní 2025, FIA fọwọ́ sí àwòrán àtúnṣe tó lè gbé e dé ipele yẹn, wọ́n fún wọn lọ́dún mẹ́ta láti fi ṣe é. Rwanda náà ti sọ ní oṣù Ọ̀pẹ 2024 pé àwọn fẹ́ gbàlejò. Lewis Hamilton, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wa Formula One, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tó sì ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀méje, ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. Síbẹ̀, nínú eré 24 tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọdún 2026, kò sí Áfíríkà.

ÌGBÀ TÍ ERÉ BÁ SÁ JÁDE NÍNÚ ỌGBÀ

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ò ní pápá eré mọ́tò irú ti Kyalami. Èyí tó ní ni pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, tó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà lóṣù karùn-ún ọdún 2025. Ohun tí Kyalami lè kọ́ àwọn tó ni irú ibẹ̀ ò ṣòro: ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pápá tí wọn ò bá lò títí ọdún á fi yí po, koríko ló máa jogún ẹ̀.

Ní ti eré mọ́tò fúnra ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí láìsí ọgbà, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù nígbà tí ìgbà ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ tó kó èrò méjìdínlógún ń bá ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ du ojú ọ̀nà, kò sí akoto, kò sí ibi tí ọkọ̀ á yà sí, kò sí dókítà tó ń dúró. Ṣóyínká rí èyí tipẹ́. Nígbà tó wà ní Ifẹ̀, ó wà nídìí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, àwọn táráyé ń pè ní Màjámàjá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Road Safety sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága wọn àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó fi Nobel ẹ̀ jà nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà ní Gúúsù Áfíríkà náà ló tún sọ̀ kalẹ̀ wá sójú títì láti bẹ awakọ̀ kó rọra.

Ìjà kan náà ni méjèèjì. Eré sísá ò burú, ààyè ẹ̀ ló yẹ kó wà. Ọgbà tí wọ́n sì fi yí eré ká, kó jẹ́ pé ewu ló ń sé mọ́lẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Kyalami lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí orúkọ ẹ̀ fi jẹ́ irọ́, láti 1961 títí di 1992. Lóde òní, ọmọ Zulu tó bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lè ka orúkọ tó wà lára ògiri sókè, kó sì jẹ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ̀: ilé mi.